Ẹ Jẹ́ Kí Ìyàwó Míṣọ́nnárì Náà Wọ Kíláàsì

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá ìwé ìròyìn. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa tọkọtaya ará Amẹ́ríkà tó wá sí Kétu níbí, ní orílẹ̀-èdè Benin, láti kọ́ àwọn míṣọ́nnárì wa, inú mi sì dùn pé ẹ kọ ọ́, torí irú nǹkan báyìí kì í sábà dé inú ìwé ìròyìn, ọ̀rọ̀ òṣèlú àti bọ́ọ̀lù ló máa ń gba gbogbo ojú ìwé. Àmọ́ nǹkan kan wà níbẹ̀ tó dùn mí, mi ò sì lè gbé e mì. Ẹ kọ nípa bàbá náà dáadáa, ohun tó kọ́ wọn nínú Ìwé Róòmù, bó ṣe ti ń ṣe tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ lọ́hùn-ún tipẹ́, fọ́tò rẹ̀ níwájú pátákó. Ìyàwó rẹ̀ wá gba ìlà kan péré, pé òun náà bá ọkọ rẹ̀ wá.

Olóòtú, tíṣà lòun náà. Lọ́sàn-án, lẹ́yìn oúnjẹ, tí bàbá bá ti parí tiẹ̀, ìyá yẹn ló máa ń dúró síwájú wa, àwa obìnrin àti ọkùnrin tó bá fẹ́ jókòó, nígbà tó sì fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì àwọn ọkùnrin náà ti kún bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Mo wà níbẹ̀ ni mo ṣe ń sọ ọ́. Míṣọ́nnárì lọkọ mi, apá òkè lọ́hùn-ún, lọ́dọ̀ àwọn Bàrìbá àti Fúlàní, là ń gbé kí ìjọ tó ní kó sọ̀kalẹ̀ wá gba ẹ̀kọ́ yìí, Kétu sì nilé bàbá mi, ìdí nìyẹn tí mo fi ríbi sùn tí èmi náà fi ráàyè wọlé. Ká ní ìlú míì ni wọ́n ti ṣe é ni, ọ̀hún ni wọn ì bá fi mí sí.

Ibi tí mò ń lọ gan-an nìyẹn. Àwọn ọkùnrin tó wá láti Ṣábẹ̀ẹ́, láti Pọ́bẹ̀, láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), àwọn nìkan ló wá. Ìjọ sanwó ọkọ̀ fún wọn, wọ́n fún wọn lówó oúnjẹ, ìyàwó wọn wà nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ. Bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀kọ́ bá parí tí wọ́n bá gbàdúrà fún wọn tán, tọkọtìyàwó ló máa jọ kẹ́rù lọ sílùú tí wọn ò gbédè rẹ̀. Ẹni méjì là ń rán, ẹnì kan là ń kọ́. Kò dáa, kò sì bọ́gbọ́n mu.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nínú ohun tí ìyá náà kọ́ wa. Nọ́ọ̀sì ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ó kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru: omi tó mọ́ lítà kan, ṣíbí ìpotíì mẹ́fà ṣúgà, ààbọ̀ ṣíbí ìpotíì iyọ̀, kí ṣíbí tẹ́jú, kó má ṣe òkìtì lórí. Kì í ṣe pé ó kọ ọ́ sójú pátákó kó sì máa lọ, ó ní kí kálukú pò ó lójú òun. Ọ̀kan nínú wa gbé ìgò tí wọ́n fi ń ta bẹntiróòlù lẹ́bàá títì wá, ó ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní lójú tiẹ̀, ìyá gbé ìgò yẹn sí imú, ó gbé e fún gbogbo wa gbóòórùn yípo, kò sọ̀rọ̀, ó kàn gbé e síta. Lẹ́yìn náà ló wá ní ká tọ́ tiwa wò, pé omi yẹn ò gbọ́dọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ, èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ ká dà á nù ká pò míì, torí iyọ̀ tó bá pọ̀ jù lè ṣe ọmọ léṣe.

Ẹ lè ní kí ló kan míṣọ́nnárì níbẹ̀. Níbi tá à ń gbé, ilé ìwòsàn jìnnà, tí ọmọ bá sì dá ìyá rẹ̀ lágara lóru, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà pásítọ̀ ló máa wá kàn, ẹ̀yìnkùlé ló máa gbà wá bá ìyàwó pásítọ̀. Ní gáà àwọn Fúlàní, ọkọ mi máa jókòó lábẹ́ igi pẹ̀lú àwọn bàbá, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ màlúù àti òjò, ó dáa, iṣẹ́ nìyẹn náà, àmọ́ kò lè wọ ahéré tí àwọn ìyàwó wọn wà, kò tiẹ̀ gbọ́dọ̀ gbìyànjú ẹ̀. Èmi ni mo ń wọbẹ̀. Èmi ni wọ́n ń bi ní ìbéèrè nípa Jésù níbi tá a ti ń fún wàrà. Ìlàjì abúlé ló jẹ́ pé obìnrin nìkan ló lè bá wọn sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, obìnrin yẹn sì lẹni tí ìjọ ò kọ́ ní nǹkan kan rí kí wọ́n tó ní kó máa lọ!

Ohun tó tún jọ mí lójú ni ti ìtàn sísọ. Bàbá kọ́ wa ní Róòmù, a sì jẹ̀gbádùn ẹ̀ gan-an, àmọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tá à ń lọ bá ò mọ̀wé kà. Ìyá ní ká pa ìwé dé. Ó máa sọ ìtàn kan láti inú Bíbélì, ẹnì kan á dìde á tún un sọ, àwọn yòókù á ní o fo ibí yìí, o fi tọ̀hún kún un, títí ìtàn náà á fi gún, lẹ́yìn náà ló máa béèrè ohun tá a rí nípa Ọlọ́run níbẹ̀, ohun tá a rí nípa èèyàn, àti ohun tá a máa ṣe sí i. Ìyá àgbà kan tó ń bá wa dáná, tí kò mọ álífábẹ́ẹ̀tì kankan, ń gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní kó wá sọ ti arọ inú Máàkù orí kejì, ìyá àgbà náà bá bẹ̀rẹ̀, ó sọ ti àwọn mẹ́rin tó gbé e, bí èrò ṣe dínà, bí wọ́n ṣe gun òrùlé tí wọ́n sì dá a lu, ó ní iyẹ̀pẹ̀ wá ń dà sórí àwọn akọ̀wé òfin tó jókòó nísàlẹ̀. Arákùnrin kan ní iyẹ̀pẹ̀ ò sí nínú Bíbélì, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, lóòótọ́ kò sí níbẹ̀, ìyá àgbà náà gbà, ó yọ ọ́ kúrò, ó tún ìtàn náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ láìfi nǹkan kan kún un. Lọ́jọ́ kejì ló ti ń sọ ọ́ nídìí ẹ̀rọ omi fún àwọn tó wá pọnmi. Ẹ ò rí i bí ẹ̀kọ́ ṣe ń jáde nínú kíláàsì lọ síta.

Ọ̀rọ̀ èdè, kò gba wàhálà rárá. Arákùnrin kan láti Ìmẹ̀kọ, ní Nàìjíríà, ló ń ṣe ògbufọ̀, láti Gẹ̀ẹ́sì bọ́ sí Yorùbá tààrà, a ò gba ti Faransé kọjá. Ọmọ ìyá ṣáà ni Kétu àti Ìmẹ̀kọ, ìwé tí ìjọba Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì jọ tọwọ́ bọ̀ lọ́dún 1889 ló fi ààlà sáàárín wa.

Kì í ṣe pé gbogbo nǹkan tí wọ́n mú wá ló bá tiwa mu o. Lọ́jọ́ tí ìyá fẹ́ kọ́ wa nípa ìṣúnná owó, báńkì ló fi bẹ̀rẹ̀, bí èèyàn ṣe ń fowó pa mọ́ lóṣooṣù. Kíláàsì dákẹ́. Aya pásítọ̀ kan wá ní mà, àwa ò ní báńkì lábúlé, àjọ là ń dá, ọjà dé ọjà. Ẹlòmíì lè máa bá ìwé tiẹ̀ lọ. Ìyá yẹn pa ìwé dé, ó fa àga wá sáàárín wa, ó ní ká ṣàlàyé, ta ló ń gba owó, kí ló ń ṣẹlẹ̀ tí ẹnì kan ò bá rówó dá, ṣé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú lè wọ̀ ọ́. Nígbà tó padà dé lọ́jọ́ kejì, orí àjọ àti èésú ló gbé ẹ̀kọ́ náà kà, bí ìyàwó míṣọ́nnárì ṣe lè fi àjọ wọ àárín àwọn obìnrin ìlú tó dé, kí wọ́n mọ̀ ọ́n, kí wọ́n fọkàn tán an, kó sì máa rí sẹ́fà díẹ̀ ra iṣu tí owó ìjọ bá pẹ́. Owó yẹn máa ń pẹ́, ká má parọ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní obìnrin kì í kọ́ni nínú ìjọ. Kí wọ́n jọ̀ọ́ ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 18. Àpólò mọ Ìwé Mímọ́ dáadáa, ọ̀rọ̀ dá ṣáká lẹ́nu ẹ̀, Àkúílà àti Pìrìsíkílà mú un sọ́dọ̀, àwọn méjèèjì ló la ọ̀nà Ọlọ́run yé e sí i. Iṣẹ́ àgọ́ pípa ni tọkọtaya yẹn jọ ń ṣe, wọ́n jọ kúrò ní Kọ́ríńtì, wọ́n jọ dé Éfésù. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù sì ń kí wọn nínú Róòmù orí 16, orúkọ obìnrin ló kọ́kọ́ dá.

Ká tiẹ̀ fi ti ayé àtijọ́ yẹn sílẹ̀, ká wo tiwa. Ajayi Crowther dé Kétu níbí lọ́dún 1853, kí ogun Dàhòmì tó tú ìlú wa lọ́dún 1886, gbogbo èèyàn ló mọ Crowther. Ta ló mọ Susan ìyàwó ẹ̀, tó jẹ́ tíṣà ní Sàró (Sierra Leone), tó kó àwọn ọmọ tẹ̀ lé e wá sílẹ̀ Yorùbá? Ọdún 1853 yẹn náà ni David Hinderer, míṣọ́nnárì ọmọ Jámánì, àti Anna ìyàwó ẹ̀ lọ gbé n'Ìbàdàn, ní Kúdẹtì. Anna ló ń gba àwọn ọmọ ìlú sílé, ọmọ ìjòyè wà nínú wọn, ó ń kọ́ wọn níwèé, ó ń kọ́ wọn lórin, nígbà tí ogun Ìjàyè sì bẹ́ lọ́dún 1860 tí ọ̀nà etíkun dí, tí owó ò wọlé mọ́, òun ló ń wá bí àwọn ọmọ yẹn ṣe máa jẹun. Ọdún 1869 ni wọ́n tó kúrò, Dáníẹ́lì Olúbí tó dàgbà lábẹ́ wọn ló bójú tó ìjọ lẹ́yìn wọn. Ẹ yọ Anna kúrò níbẹ̀, kí ló kù?

Kì í sì í ṣe pé àwa ní Benin ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run jáde o, Àjàṣẹ́ ni Oshoffa ti bẹ̀rẹ̀ ìjọ Sẹ̀lẹ́ lọ́dún 1947, ìjọ yẹn sì ti gba Nàìjíríà kan. A mọ bí a ṣe ń lọ. Ìmúrasílẹ̀ ẹni tó ń lọ ni mò ń sọ.

Wọ́n á ní owó dà, wọ́n á ní ta ló máa tọ́jú àwọn ọmọ. Ti ọmọ, a ti rí i bó ṣe ṣeé ṣe níbí. Ọmọ ọwọ́ kan ń ké láàárín ẹ̀kọ́, ìyá tíṣà gbé e sí ìbàdí, ó ń bá ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ, ìyá ìjọ kan dìde ó fi ọ̀já pọn ọmọ náà sẹ́yìn òyìnbó fún un, ọmọ sùn, ẹ̀kọ́ ò dúró. Láti ọjọ́ kejì ni ẹgbẹ́ àwọn ìyá ti pín ara wọn, àwọn kan ń dáná, àwọn kan ń ṣọ́ àwọn ọmọ lábẹ́ igi máńgòrò. Kò ná ìjọ ní kọ́bọ̀. Ti owó, ohun tó yàtọ̀ ò ju owó ọkọ̀ ẹnì kan sí i àti oúnjẹ lọ, tọkọtaya yẹn fúnra wọn ló sì san owó ọkọ̀ òfuurufú wọn wá látòkèèrè, àgbà ni wọ́n, wọn ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wa ju ibi tí wọ́n máa sùn lọ. Tí wọ́n bá lè ṣe ìyẹn fún wa, ṣé àwa ò lè gbé ìyàwó kan láti Ṣábẹ̀ẹ́ dé Kétu?

Wọ́n ti ṣèlérí pé tí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí sí, àwọn máa padà wá lẹ́yìn òjò ọdún tó ń bọ̀. Kó tó dìgbà yẹn, mo bẹ àwọn àgbà ìjọ tó ń ka ìwé yín, nígbà tẹ́ ẹ bá ń kọ orúkọ míṣọ́nnárì yín ránṣẹ́, ẹ kọ orúkọ ìyàwó rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ sì fowó ọkọ̀ ẹni méjì ránṣẹ́. Ẹ̀yin náà, olóòtú, tí wọ́n bá ti dé, ẹ rán oníròyìn yín wá lọ́sàn-án, kó wá jókòó sí kíláàsì ìyá náà títí dé òpin.

Èmi ni tiyín,
Aya míṣọ́nnárì kan, Kétu.