Wọ́n gbé fọ́tò wọn kọ́ ògiri, wọ́n dá ọmọ mi padà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Inú ló ń bí mi tí mo fi kọ̀wé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde kí àwọn òbí bíi tèmi tó ní ọmọ olórin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè kà á.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo tẹ̀lé ọmọ mi obìnrin lọ sí ọ́fíìsì kan ní Manchester níbí, níbi tí wọ́n ti ń fún àwọn ọ̀dọ́ olórin lówó ìrànwọ́. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ní orin mẹ́rin tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ sórí àwo, 300 péré. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n kó fún un jẹ́ ojú ìwé mọ́kàndínlógún, oṣù méjì ló sì fi kọ ọ́. Èsì tó gbà kò ju ìlà mẹ́ta lọ: kò tíì gbé àwo kankan jáde rí, nítorí náà wọn kò lè fún un lówó tí yóò fi gbé àwo jáde. Mo ní kí obìnrin tó jókòó síbẹ̀ tún un kà sí mi létí. Ó tún un kà. Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo rí fọ́tò ńlá kan lókè orí rẹ̀, tí wọ́n fi gíláàsì bò: ọmọkùnrin mẹ́rin tó dúró nídìí ère kan. Mo mọ fọ́tò yẹn bí ẹní mowó. Òun ló wà lójú páálí àwo Spiral Scratch tí àwọn Buzzcocks, ẹgbẹ́ olórin punk (orin gìtá aláriwo) ti Manchester níbí, ṣe. Lọ́jọ́ tí wọ́n ya fọ́tò náà, àwọn ọmọ yìí kò tíì gbé àwo kankan jáde rí!

Wọ́n gbé fọ́tò wọn kọ́ ògiri, wọ́n dá ọmọ mi padà. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ ọmọ mi fà mí lápá, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Ọ̀rọ̀ tí n kò lè sọ lọ́jọ́ náà ni mo wá ń sọ yìí.

Ọdún 1981 ni mo dé ìlú yìí wá kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọmọ Bolton kan tí a jọ ń gbélé ló ni àwo náà. Bó bá ti ti iṣẹ́ alẹ́ dé báyìí, yóò gbé e sórí ẹ̀rọ, oorun á dá lójú gbogbo wa. Mo kọ́kọ́ rò pé abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ló há, nítorí nínú orin tí wọ́n ń pè ní Boredom, níbi tó yẹ kí gìtá ti dárà, ohùn méjì péré ló ń tẹ̀, ohùn méjì kan náà, ṣáá. Ó ní rárá o, bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Nígbà tó ń kó lọ, ó fi àwo náà ta mí lọ́rẹ. Ó wà lọ́wọ́ mi dòní. Etí páálí rẹ̀ ti ya, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ ṣì ṣeé kà: iye ìgbà tí wọ́n kọ orin kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó mú un. Breakdown, ẹ̀ẹ̀kẹta ni wọ́n mú, wọn kò fi nǹkan kan lé e. Àwọn mẹ́ta yòókù, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n kọ ọ́ ni wọ́n mú, gìtá nìkan ni wọ́n fi kún un. Ẹni tó ra àwo náà mọ bí wọ́n ṣe sè é láti orí iná dé inú abọ́.

Ó jọ pé àwọn tó gbé fọ́tò kọ́ kò mọ ìtàn inú rẹ̀. Howard Devoto àti Pete Shelley, àwọn tó dá Buzzcocks sílẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ní Bolton. Àwọn ni wọ́n ṣètò bí Sex Pistols, ẹgbẹ́ olórin punk ti London, ṣe wá ṣeré ní Lesser Free Trade Hall ní Manchester ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹfà, ọdún 1976. (Wọ́n ti sọ ilé náà di òtẹ́ẹ̀lì báyìí.) Nígbà tí Sex Pistols padà wá ní oṣù Keje, àwọn Buzzcocks náà gun orí ìtàgé. London ni àwọn ilé-iṣẹ́ àwo ńlá wà, kò sì sí èyí tó ń wá wọn. Wọ́n bá lọ yáwó lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ àti ẹbí, 500 pọ́ùn. Bàbá Shelley nìkan gbé 250 kalẹ̀ níbẹ̀. Ní ọjọ́ 28, oṣù Kejìlá, tí Kérésìmesì kò tíì kúrò lára èèyàn, wọ́n wọ sítúdíò Indigo, Martin Hannett sì dúró ti ẹ̀rọ fún wọn. Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fi kọ orin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n fi méjì sí i tún un ṣe. Richard Boon, ọ̀rẹ́ wọn tó ń bá wọn ṣe máníjà, ló fi kámẹ́rà Polaroid yà wọ́n nídìí ère Robert Peel ní Piccadilly, ní Manchester níbí. Wọ́n fún ilé-iṣẹ́ wọn lórúkọ, New Hormones. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kìíní, ọdún 1977, àwo 1,000 jáde. Wọ́n ń fi póòsù ránṣẹ́ sí àwọn tó fẹ́ rà á, ṣọ́ọ̀bù Rough Trade ní London ń bá wọn tà á. Kò pẹ́ tó fi tán. Ìgbà tí wọn yóò fi dáwọ́ títẹ̀ dúró, ó ti tó 16,000. Nígbà tí wọ́n tún un gbé jáde ní 1979, ó dé ipò 31 nínú àwọn àwo tó ń tà jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

N kò sọ pé àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é láyé. Àwọn Saints, ẹgbẹ́ olórin kan, ti fọwọ́ ara wọn gbé tiwọn jáde ní Brisbane, ní Australia, ní 1976. Stiff Records, ilé-iṣẹ́ àwo kékeré kan, náà ti wà ní London ṣáájú wọn, 400 pọ́ùn tí Lee Brilleaux, akọrin ẹgbẹ́ Dr. Feelgood, yá wọn ni wọ́n sì fi dá a sílẹ̀. Ẹ̀yáwó náà nìyẹn, kì í ṣe fọ́ọ̀mù.

Ìtàn New Hormones kò dùn délẹ̀, n kò ní purọ́. Ní oṣù Kẹjọ 1977 àwọn Buzzcocks fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú United Artists, ilé-iṣẹ́ àwo ńlá, ilé-iṣẹ́ kékeré náà sì dákẹ́, àfi ìwé àwòrán kan tí Linder àti Jon Savage ṣe. Boon tún jí i ní 1980, ó gbé àwo àwọn ẹgbẹ́ olórin mìíràn jáde: ti Ludus, ti Dislocation Dance, ti Diagram Brothers, kó tó di pé owó tán, ilé-iṣẹ́ sì kógbá sílé. Factory, ilé-iṣẹ́ àwo Manchester mìíràn tí Tony Wilson àti àwọn èèyàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1978, ló wá gba gbogbo òkìkí. Factory náà sì wó lulẹ̀ ní 1992 nínú gbèsè.

Àwọn aláṣẹ wa fẹ́ràn òkú olórin ju alààyè lọ. Wọ́n ń fi orúkọ punk ta ilé olówó gọbọi, wọ́n ń fi ya àwòrán sára ife tíì, wọ́n ń kó àwọn arìnrìn-àjò káàkiri ìgboro. Bí ọmọ ẹni bá wá gbé gìtá dé iwájú wọn, wọ́n á ní kó lọ mú ẹ̀rí wá. Ẹ̀rí wo? Ẹ̀rí wà lókè orí wọn nínú gíláàsì! Wọ́n gbé fọ́tò wọn kọ́ ògiri, wọ́n dá ọmọ mi padà.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe rèé. Kí wọ́n mú díẹ̀ nínú owó ìrànwọ́ yẹn, kí wọ́n sọ ọ́ di owó àyálò, kí ó wà ní láíbúrárì àdúgbò, níbi tí ẹsẹ̀ ọmọ kékeré ti lè dé. Ìwé ojú kan ni kí ọmọ kọ. Kí ó mú orin rẹ̀ wá kí wọ́n gbọ́ ọ, kí ó mú onídùúró méjì wá: ọ̀kan nínú ẹbí, ọ̀kan ládùúgbò. Kí ẹnikẹ́ni má gbà ju iye tí yóò tẹ àwo 500 lọ. Bó bá ti ń tà ni kó máa dá a padà díẹ̀díẹ̀, owó tó bá sì wọlé ni ẹlòmíràn yóò gbà. A mọ bí èyí ṣe ń ṣiṣẹ́. Àwọn ìyá wa ṣe é lọ́jà pẹ̀lú ìwé pélébé àti gègé kan ṣoṣo, owó kò sì sọnù, nítorí ojú ń ti èèyàn láti jẹ owó àwọn tí wọ́n jọ ń rí ara wọn lójoojúmọ́. Kí ọmọ tó bá gbowó sì kọ iye tó ná sẹ́yìn páálí, bí ẹgbẹ́ olórin Scritti Politti ti ṣe ní 1978, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ̀. Bí àwo kan kò bá tà, kí wọ́n gba èyí tí wọ́n bá rí gbà, kí wọ́n má sì tìtorí rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn yòókù.

Kí káńsù sì dín owó tí wọ́n ń gbà lórí yàrá ìfidánrawò kù. Kí wọ́n sì dín ojú ìwé fọ́ọ̀mù yẹn kù pẹ̀lú.

Èmi kò ní dúró dè wọ́n. Ní alẹ́ Sátidé a pàdé nílé wa, èmi, àwọn nọ́ọ̀sì mẹ́ta tí a jọ fẹ̀yìn tì, àti òbí àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ mi. Àwa méje la ti bẹ̀rẹ̀ àjọ, 50 pọ́ùn lóṣù. A fẹnu kò pé àwọn ọmọ ni yóò kọ́kọ́ kó o.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì,
Manchester