Lẹ́tà sáà kejì sí àwọn òbí àti alágbàtọ́: ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ tó jẹ́ aláàbọ̀ ara nínú ilé-ẹ̀kọ́ wa

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Òkun o. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ìnáwó ọdún, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ọ̀rọ̀ owó, aṣọ àti ìwé kíkà ti wà nínú ìwé tí àwọn ọmọ mú bọ̀ wálé lọ́jọ́ ìwọlé, n kò ní tún un sọ. Ọ̀rọ̀ kan ló gbà mí lọ́kàn ní sáà yìí.

Níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́ tí a fi parí sáà kìn-ín-ní, àwọn kan nínú yín ní kí á yọ ọmọ kan tí wárápá máa ń gbé kúrò ní kíláàsì, kí ó má baà kó o ran àwọn tó kù. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ọmọ yín ló mú yín sọ ọ́. Ọmọ náà kò ní kúrò.

Wárápá kì í ràn. Inú ọpọlọ ló ti ń ṣẹlẹ̀. Kò sí nínú itọ́, kò sí nínú aṣọ, kò sí lórí bẹ́ǹṣì tí ọmọ náà jókòó sí, ẹni tó bá sì sáré lọ gbà á mú kó má fi orí gbálẹ̀ kò lè kó o. Bó bá gbé e, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ tú bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀, ẹ kó òkúta àti àga kúrò nítòsí rẹ̀, kí ẹ sì wo aago. Ẹ má ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ má dì í mọ́lẹ̀. Ẹ má da omi tàbí àgbo sí i lẹ́nu rárá. Bó bá ti lé ní ìṣẹ́jú 5 tí kò dáwọ́ dúró, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Àgbo ìtọ̀ màlúù tí àwọn ìyá àgbà kan ṣì ń rọ fún ọmọ tí gìrì mú, májèlé ni. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jáwọ́. Oògùn wárápá wà ní ilé ìwòsàn, àìdáwọ́ lílò rẹ̀ dúró ló sì ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́, kódà nígbà tí ara bá ti ń yá. Gbogbo olùkọ́ wa ti kọ́ èyí. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ náà ti kọ́ ọ, kò sì sí èyí tó tún ń sá fún un nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí òfin wà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara léèwọ̀ ní Nàìjíríà. Òfin náà ní aláàbọ̀ ara lẹ́tọ̀ọ́ láti kàwé láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ títí dé òpin girama. Ẹni tó bá rú u lè san 100,000 náírà, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù 6, tàbí kó jẹ méjèèjì pọ̀; bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́, 1,000,000 náírà ni. Wọ́n fún gbogbo ilé tí ará ìlú ń wọ̀ ní ọdún 5 láti ṣe ọ̀nà tí aláàbọ̀ ara yóò máa gbà wọlé. Ọdún 5 náà pé ní oṣù kìn-ín-ní 2024.

Nítorí náà ni a ṣe ń ṣiṣẹ́ lára ilé. Akẹ́kọ̀ọ́ SS2 kan wà tí ń fi ọ̀pá abẹ́ abíyá rìn, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sì ni kíláàsì rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Ìdí ló fi ń wọ́ gun àtẹ̀gùn láràárọ̀, tí ẹlòmíràn ń bá a gbé báàgì. A ti gbé SS2 wá sí ìsàlẹ̀, àwa olùkọ́ la lọ sókè. Bíríkìlà kan tó jẹ́ òbí láàárín yín ti yọ̀ǹda ọwọ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láti ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ẹnu gbọ̀ngàn àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Sìmẹ́ńtì àti iyanrìn ló kù. Ẹni tó bá ní àpò kan, kó fi ránṣẹ́.

Àwọn àfín yóò máa jókòó níwájú pátápátá, nítorí ojú wọn kì í sábà ríran dé ara pátákó; ẹ má pè wọ́n ní ọ̀lẹ mọ́. Wọn kò ní gé koríko nínú oòrùn, wọ́n sì lè wọ aṣọ alápá gígùn àti fìlà. Ní ti ọmọ tí àrùn yírùnyírùn di létí, olùkọ́ gbọ́dọ̀ kọjú sí i bó bá ń sọ̀rọ̀, kó sì kọ kókó ọ̀rọ̀ sójú pátákó. Mo ti kọ̀wé sí Lọ́kọ́ja fún olùkọ́ tó gbọ́ èdè adití. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sì fi àbùkù ara bú ẹlòmíràn, òbí rẹ̀ la ó ránṣẹ́ pè, torí ilé ni wọ́n ti ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó dùn mí jù ni ti àwọn ọmọ tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa rárá. Kò sí ibi tí wọn kò sí ní Òwé, Ìjùmú, Bùnú àti Yàgbà: ọmọ tí wọ́n ń tì mọ́ ẹ̀yìnkùlé bí àlejò bá dé, ọmọ tí wọ́n ń gbé láti ilé wòlíì kan dé òmíràn, tí ẹbí ń bi ìyá rẹ̀ léèrè ohun tó ṣe nígbà oyún. Ìyá náà kò ṣe nǹkan kan. Bí ẹ bá ń rò pé kí ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fẹ́ fi ìwé ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́: WAEC ń fún afọ́jú ní ìbéèrè tí wọ́n fi ìka kà, wọ́n sì ń fi àkókò kún tirẹ̀. Láti 2017 ni JAMB ti ya ètò sọ́tọ̀ fún àwọn afọ́jú tó fẹ́ wọ yunifásítì. Òfin 2019 kan náà ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba sapá kí aláàbọ̀ ara tó ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ wọn. Ọmọ tí kò ní ìwé ẹ̀rí kò ní rí àyè yẹn gbà.

Ẹ̀yin òbí SS3, bí ojú, etí tàbí ọwọ́ ọmọ yín bá ní ìṣòro, ẹ wá sọ fún wa kí á tó parí ìforúkọsílẹ̀ WAEC, kí ẹ mú ìwé dókítà dání. Orí ìforúkọsílẹ̀ ni wọ́n ti ń béèrè àkókò àfikún. A kò lè béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò.

Mo wà ní ọ́fíìsì fún ọ̀rọ̀ yìí ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, láti aago 12 sí aago 2 ọ̀sán. Ẹni tí kò bá rọrùn fún láti gbé ọmọ rẹ̀ wá, kó ránṣẹ́. Èmi àti olùkọ́ ìtọ́sọ́nà yóò wá bá a nílé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá Àgbà Ilé-Ẹ̀kọ́,
Kàbà, Ìpínlẹ̀ Kogí