Oúnjẹ Gómìnà: Lẹ́tà sí Àkànní

Àkànní ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó mi, mo kí àwọn ọmọ. Kí o tó pè mí ni ìròyìn ti dé ọ̀dọ̀ mi. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa ló fi fọ́tò ránṣẹ́: ìwọ lórí ìkúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, ọwọ́ fíkà lórí rẹ. Ààrẹ ẹgbẹ́ ọ̀dọ́! Mo jó nínú ṣọ́ọ̀bù ní Balógun níbí, oníbàárà tó wá ra léèsì rò pé torí tirẹ̀ ni. Ọlọ́run á dúró tì ọ́. Lẹ́tà ni mo kọ, torí tí a bá wà lórí fóònù, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá" rẹ máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀ mi dé. Jọ̀ọ́, má fi "Àmín" dá mi lóhùn lórí WhatsApp kí o tó kà á dé ìsàlẹ̀.

Mi ò ní kọ̀wé sí ọ pé kí o má jalè. Ìyẹn ti wọ̀ ọ́ lára láti kékeré. Ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ gan-an ni mo fẹ́ bá ọ sọ, torí ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ olórí tó dáa ti ń yọ̀.

Ṣí ìwé Nehemáyà, orí karùn-ún, láti ẹsẹ 14. Ọdún 12 ló fi jẹ́ gómìnà ní Júdà. Oúnjẹ gómìnà wà fún ẹni tó bá jókòó sórí àga yẹn, àwọn tó ṣáájú rẹ̀ sì gbà á lọ́wọ́ ará ìlú láìku ẹyọ kan: oúnjẹ, wáìnì, àti 40 ṣékélì fàdákà lé e lórí. Bí Nehemáyà bá gbà á, ta ni yóò pè é lólè? Kò gbà á. Bẹ́ẹ̀, màlúù kan, àgùntàn mẹ́fà tó sanra, pẹ̀lú adìyẹ, ni wọ́n ń sè lójúmọ́, torí 150 Júù àti ìjòyè ló ń jẹun lórí tábìlì rẹ̀, ká má tíì ka àwọn àlejò tó ń ti ìlú òkèèrè wá. Ìdí tó sọ ò ju méjì lọ: ó bẹ̀rù Ọlọ́run, ẹrù sì ti wúwo jù lọ́rùn àwọn èèyàn náà.

Kí wá ni oúnjẹ gómìnà nínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ní Ẹ̀bútè-Mẹ́ta? Owó ọkọ̀ ààrẹ ni. Bí o bá ní tìrẹ lápò, jẹ́ kí wọ́n fún ọmọ tó ń wọ danfo méjì kó tó dé ìpàdé. Àga iwájú ni, àti tékéwè àkọ́kọ́ tó ń jáde nínú kúlà. Èyí tó burú jù ni ẹ̀tọ́ àtipẹ́ dé. Mo mọ̀ pé láti Marina, ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí afárá Carter ò mọ olùfọkànsìn yàtọ̀ sí aláìgbàgbọ́. Inú rẹ̀ náà ni àwọn yòókù ń gbà bọ̀. Bí ìpàdé bá jẹ́ aago mẹ́fà, kí kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn wà lọ́wọ́ rẹ ní aago márùn-ún ààbọ̀, kí àga sì ti wà nílẹ̀. Ẹ ti gbọ́ ìwàásù lórí bí Jésù ṣe wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn débi pé ó ti sú yín. Ohun tí mo máa ń rò ní tèmi ni ta ló gbé omi ìdọ̀tí yẹn lọ dà nù lẹ́yìn náà.

O á rántí ìkórè tí Bàbá rẹ ṣe alága rẹ̀. Wọ́n ká ọwọ́ agbádá sókè, wọ́n dúró ti kúlà, wọ́n ń bu ìrẹsì fúnra wọn. Ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ wà lórí ìlà. Ẹ súnmọ́ ọn, ṣíbí bẹ̀rẹ̀ sí í ha ìdí kúlà, Bàbá rẹ wò yín, wọ́n bu èyí tó kù fún àwọn ọmọ ìyá opó tó wà lẹ́yìn yín. Dùndún ni mo din fún yín nílé. Ẹ̀gbọ́n rẹ ò bá wọn sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ kejì. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Bàbá rẹ ò ru igbá kankan títí wọ́n fi kú. Ṣùgbọ́n èmi tí mo gbé iná ka epo nínú oorun ọ̀sán, pẹ̀lú aṣọ ìkórè lọ́rùn, ẹnikẹ́ni ò bi mí bóyá mo fẹ́ rúbọ lọ́jọ́ náà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o padà ka ẹsẹ yẹn dáadáa. Nehemáyà ní òun àti àwọn arákùnrin òun ni kò jẹ oúnjẹ náà. Àwọn ará ilé rẹ̀ bá a gbé e. Ohun tí o bá máa fi sílẹ̀, kó jẹ́ tìrẹ: oorun rẹ, bọ́ọ̀lù tí o ń wò ní Sátidé, iyì rẹ lójú àwọn ọ̀rẹ́. Owó ilé ìwé ọmọ kì í ṣe tìrẹ láti fi háyà bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́. Ọjọ́ Àìkú ìyàwó mi náà kì í ṣe tìrẹ. Bí o bá fẹ́ ẹ, tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì gbà bó bá ní rárá. Pọ́ọ̀lù ti bi Tímótì pé ẹni tí kò mọ ilé ara rẹ̀ í ṣàkóso, báwo ni yóò ṣe tọ́jú ìjọ Ọlọ́run?

Ní ti ààwẹ̀ àti àdúrà, fíkà á ti sọ ọ́ fún ọ.

Ọjọ́ kan á dé tí wọ́n á fẹ́ kí o fọwọ́ sí ohun tí kò yẹ. Ní July 2014, wọ́n gbé ọkùnrin ará Làìbéríà kan wá sí ọsibítù kan ní Ọbáléndé, kò jìnnà sí wa níbí rárá. Dókítà Ameyo Adadevoh fura pé Ebola ni, ó ní ọkùnrin náà ò ní jáde. Àwọn aláṣẹ láti orílẹ̀-èdè ọkùnrin náà fúngun mọ́ ọn pé kó tú u sílẹ̀. Kò tú u sílẹ̀. Àrùn náà mú òun náà, ó sì kú ní 19 August. Èèyàn mẹ́jọ ló bá a lọ káàkiri Nàìjíríà, òun náà wà nínú wọn. Nígbà tó di 20 October, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa. Èmi tí mò ń fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù nígbà yẹn, mo mọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní ọkùnrin yẹn gba inú ọjà yìí kọjá.

Àtọmọdọ́mọ Herbert Macaulay ni dókítà yẹn, Macaulay sì jẹ́ ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Ìyẹn náà rí tirẹ̀. Ó ti jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù láti 1864, Bíbélì Yorùbá tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ ti pé láti 1884. Ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó míṣọ́nárì dé Ọnítshà, wọ́n dá àwọn kan nínú àlùfáà rẹ̀ dúró lójú rẹ̀, ó sì jẹ́ arúgbó. Ó fi ìgbìmọ̀ wọn sílẹ̀. Kò fi ìjọ sílẹ̀. Èkó níbí ló kú sí, ní 31 December 1891. Nígbà tí ọmọ tí o jù lọ bá bú ọ lórí gúrúùpù ẹgbẹ́, rántí ọkùnrin yẹn. Èsì tí o bá kọ lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́, má fi ránṣẹ́. Tún un kà láàárọ̀. O máa pa á rẹ́ ni.

Ó ku ti owó. Nígbà tí Sámúẹ́lì dàgbà, ó dúró níwájú gbogbo Ísírẹ́lì, ó ní kí ẹni tí òun bá gba màlúù rẹ̀ wí. Má dúró di ìgbà tí o bá fẹ́ gbé ipò sílẹ̀ kí o tó ṣe bẹ́ẹ̀. Kí akápò máa ka ìṣirò owó sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ẹgbẹ́ lóṣooṣù. Èèyàn méjì ni kó máa fọwọ́ sí i kí owó tó jáde ní báńkì, kí o má sì sí nínú wọn. Lọ gba ìwé owó lọ́wọ́ akápò àná kí ọjọ́ Àìkú tó dé, kí ẹ jọ kà á ní ojú ẹlẹ́rìí.

Fún ìyàwó mi ní fóònù kó ka eléyìí náà. Ẹ̀fọ́ tí ó ní kí n bá òun rà ti wà nílẹ̀, ẹ rán ọmọ wá gbà á.

Èmi ni,
Màmá rẹ