Ẹ ṣeun, ẹ̀yin tí ẹ bá wa sin Màmá wa

Ẹ̀yin ẹbí, ọ̀rẹ́ àti ará ìjọ, ẹ kú àdúrótì. A ti sin Màmá wa, wọ́n ti wọ káà ilẹ̀ sùn. Ẹ̀yin tí ẹ rìnrìn àjò, ẹ̀yin tí ẹ náwó nára, ẹ̀yin tí ẹ ò ráyè wá ṣùgbọ́n tí ẹ ń pè wá láràárọ̀, ẹ ṣeun, a dúpẹ́. Ayọ̀ la ó fi san án fún yín.

Ohun kan wà tí a fẹ́ dúpẹ́ rẹ̀ lọ́tọ̀. Àwa ọmọ rò pé a mọ Màmá wa tán ni. Nígbà tí Bàbá wa papòdà, èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí ṣì jẹ́ ọmọ ọdún 11, àbíkẹ́yìn wa kò tí ì já lẹ́nu ọmú. Ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ kan ṣoṣo ni Màmá fi tọ́ àwa 5. Ìró rẹ̀ la fi ń sùn, òun náà la fi ń jí. Bó bá dákẹ́ ní ìdájí, a mọ̀ pé Màmá ti wà lórí ìkúnlẹ̀ nìyẹn. Wọ́n á ka Sáàmù 121 láti ẹsẹ 1 dé 8 láìwo ìwé, wọ́n á wá máa dárúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Mo máa ń ṣe bí ẹni tó ṣì ń sùn, kí n lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń bá Ọlọ́run sọ nípa mi.

Èyí tí àwa mọ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ wá sọ ìyókù fún wa.

Lẹ́yìn ìsìn, arábìnrin kan tí a ò mọ̀ rí tọ̀ wá wá. Aṣọ ilé-ìwé ọmọdé ló yọ nínú báàgì rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá. Ó ní ìyá òun ò rówó ìránṣọ nígbà náà, Màmá ní kí wọ́n ṣáà máa mú un lọ. Ó ṣí ìṣẹ́tí aṣọ náà hàn wá: ojú ìrán àtijọ́ 3 ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lókè èkejì, níbi tí wọ́n ti ń tú u bó ṣe ń ga. Màmá ti ṣẹ́ aṣọ tó pọ̀ sínú láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ìyá ọmọ má baà tún ra òmíràn. Àbúrò mi gba aṣọ náà, ó dì í mọ́ àyà, ẹkún tí kò sun láti ọjọ́ tí Màmá ti lọ ló wá sun níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn ń wá o: ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn láìsan kọ́bọ̀, opó tí wọ́n ń lọ bá gbàdúrà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọn ò sọ ọ̀kankan fún wa rí. Ká tó rí erin, ó digbó. Ká tó rí ẹfọ̀n, ó dọ̀dàn. Ká tó rí irú Màmá wa, ó di gbére.

Èrò pọ̀ ju bí a ti rò lọ. Bí ẹ bá dúró pẹ́ kí ẹ tó ríbi jókòó, tàbí tí a ò rí yín kí bó ṣe yẹ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ forí jì wá.

Ẹni tó bá ṣì ní ohun tí Màmá fọwọ́ rán, kó bá wa ya fọ́tò rẹ̀, kó sì sọ ìtàn rẹ̀ fún wa. Àwọn ọmọ-ọmọ ti ra ìwé ńlá kan, wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Aṣọ ilé-ìwé yẹn ló wà lójú ewé àkọ́kọ́.

Àwa ọmọ àti ọmọ-ọmọ Màmá