Àkàndé, má fi ẹnu rẹ pe ogun

Àkàndé ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Àbúrò rẹ ka ohun tí o kọ sórí Facebook sí mi létí, pé bí àwọn Ìgbò bá tún ń wá ogun, kí wọ́n máa bọ̀, ẹ ti múra sílẹ̀. Mi ò rí oorun sùn lóru ọjọ́ náà. Ogun tí ò ń pè yẹn ṣojú mi.

Ọmọ ilé-ìwé ni mí l'Óǹdó lọ́dún 1967. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ, àwọn ṣójà Biafra sọdá Odò Ọya, wọ́n gba Ìbíní, wọ́n sì ń bọ̀ títí wọ́n fi dé Ọ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Àwọn ará àdúgbò ń di ẹrù, wọ́n ń sá lọ sóko. Ìyá mi kì í jẹ́ kí a tan àtùpà bí ilẹ̀ bá ti ṣú. "Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀" tí ẹ fi ń ṣàwàdà, ọmọ ọlọ́mọ ló kú níbẹ̀. Ẹni tó sì kó àwọn ṣójà Biafra náà wá kì í ṣe Ìgbò. Victor Banjo ni, ọmọ Yorùbá bíi tiwa. Kí oṣù kẹsàn-án tó parí, àwọn Biafra fúnra wọn ti yìnbọn pa á.

Aránṣọ kan wà ládùúgbò wa, ọmọ Ìgbò, ó kọ́lé sẹ́yìn ilé bàbá mi. Lẹ́yìn tí wọ́n pa àwọn èèyàn wọn ní Òkè Ọya lọ́dún 1966, ẹ̀rù bà á, ó kó ìyàwó àti ọmọ padà sílé, ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún bàbá mi. Èmi àti ọmọbìnrin rẹ̀ la jọ máa ń lọ pọnmi. Ó gbọ́ èdè Òǹdó débi pé àlejò kì í mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ ìlú. Bàbá mi ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ayálégbé, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé. Àwọn kan ní kó sọ ilé náà di tirẹ̀, pé ilé ọ̀tá ni. Ó ní òun kò tíì gbọ́ pé ẹni tó fún òun ní kọ́kọ́rọ́ ti kú.

Ogun parí ní oṣù kìíní ọdún 1970, ọkùnrin náà sì padà dé. Mi ò kọ́kọ́ dá a mọ̀, ó ti rù kan eegun. Ìjọba àpapọ̀ ti dí ojú omi àti ọ̀nà mọ́ wọn, oúnjẹ kò wọlé. Ebi pa wọ́n ju ìbọn lọ, àwọn ọmọdé ló sì kó o jù: ikùn á wú, ẹsẹ̀ á wú, irun á pọ́n. Kwashiorkor ni wọ́n ń pè é. Òun ló pa ọmọbìnrin rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi.

Gowon, olórí ìjọba ológun nígbà náà, ní kò sí aṣẹ́gun, kò sí ẹni tí a ṣẹ́gun. Ọ̀rọ̀ rere ni, mo sì gbà pé ó gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní owó ní báńkì kí ogun tó dé, pọ́n-ùn 20 péré ni wọ́n kà fún un, iye yòówù tí ì báà ní. Ìwà ìrẹ́jẹ ni, mi ò ní pè é ní nǹkan mìíràn. Ní Port Harcourt, ọ̀pọ̀ wọn ni kò rí ilé wọn gbà padà. Owó ilé tí bàbá mi kó fún aránṣọ wa ló fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ mìíràn.

Mi ò ní kí o má jiyàn. Bí o bá fẹ́ kí Nàìjíríà pín, sọ ọ́. Bí o bá fẹ́ kó wà pọ̀, wí ìdí rẹ̀. Bí Ìgbò kan bá rẹ́ ọ jẹ, bá ẹni náà jà, má fi gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ bú. Ṣùgbọ́n ogun, má pè é. Ọmọ rẹ àgbà ti ń lọ sí ogún ọdún, Àkàndé. Irú wọn ni wọ́n ń kó lọ.

Pa ohun tí o kọ yẹn rẹ́ lónìí, kí o sì kọ òmíràn tí àwọn tó ka ti àkọ́kọ́ máa rí. Bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ bá ní o ń ṣojo, sọ fún wọn pé ìyá rẹ ló ní kí o ṣe bẹ́ẹ̀, kí o sì fún wọn ní nọ́ńbà mi.

Èmi ni ìyá rẹ.