Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Oníbàárà Wa: Bàtà Síkì Tó Di Ẹsẹ̀ Mú

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìgbà òtútù o. Yìnyín ti ń bọ́ lórí àwọn òkè Colorado ní Amẹ́ríkà, àwọn tó fẹ́ kọ́ síkì, eré fífi pákó gígùn méjì yọ̀ lórí yìnyín, fún ìgbà àkọ́kọ́ sì ti ń ya wọ ṣọ́ọ̀bù wa ní Denver níbí. Inú wa ń dùn bí a ṣe ń rí ọmọ Yorùbá láàárín wọn. Ọ̀rọ̀ kan wà tí à ń bá ẹnikọ̀ọ̀kan sọ lórí ìjókòó, mo sì rò pé ó yẹ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún gbogbo yín: bàtà síkì tó bá fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù ni yóò fìyà jẹ yín lórí òkè.

Mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n fi tọ́ wa dàgbà yàtọ̀ sí ìyẹn. Bàtà gbọ́dọ̀ gba ẹsẹ̀; ti ọmọdé sì gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù díẹ̀ kó lè dàgbà bá a. Fún bàtà iléèwé, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ti síkì yàtọ̀, nítorí òun ni sítíárì yín. Bí ẹ bá tẹ orúnkún, tí ojúgun yín ti iwájú bàtà, agbára yẹn ló ń sọ̀ kalẹ̀ sínú pákó síkì tó fi ń yà. Bí àyè bá wà láàárín ẹsẹ̀ àti bàtà, ẹsẹ̀ á ti yí tán kí pákó tó gbọ́. Gìgísẹ̀ á máa gbé sókè, ìka á máa gbá iwájú bàtà títí èékánná á fi dúdú. Ẹni náà á wá fún àwọn ìdè bàtà pinpin kó lè dúró, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè ṣàn, ẹsẹ̀ á kú tìpìrì, òtútù á sì wọlé. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sọ pé bàtà síkì fún òun jù, bàtà tó tóbi ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ ló wọ̀.

Ẹ gbàgbé nọ́ńbà bàtà tí ẹ ń wọ̀ ròde. Sẹ̀ǹtímítà ni wọ́n fi ń wọn ti síkì, Mondopoint ni wọ́n ń pè é: ẹsẹ̀ tó bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 26.5, bàtà 26.5 ni tirẹ̀. Ẹ dúró sórí ìwé kí gìgísẹ̀ kan ògiri, kí ẹnì kan fàlà síbi tí ìka tó gùn jù dé. Ẹ wọn ẹsẹ̀ méjèèjì, nítorí wọn kì í sábàá dọ́gba. Ìbú náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Mìlímítà 98 jẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, 100 wà láàárín, 102 sókè wà fún ẹsẹ̀ tó fẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá fẹ̀, kó má torí ẹ̀ lọ mú bàtà tó gùn jù. Èyí tó fẹ̀ ni kó béèrè.

Èèpo ike líle ló wà níta bàtà yìí, bàtà mìíràn tó rọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Awọ ni wọ́n fi ń ṣe bàtà síkì láyé àtijọ́, kí Bob Lange ní Amẹ́ríkà tó gbé ti ike jáde láàárín àwọn ọdún 1960. Awọ a máa nà bá ẹsẹ̀. Ike kì í nà. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń kọ́kọ́ yọ bàtà inú kúrò, kí ẹ ki ẹsẹ̀ bọ èèpo nìkan, kí ìka kan iwájú fẹ́rẹ́. A ó wá wo àyè tó kù lẹ́yìn gìgísẹ̀. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀ sí méjì ló dáa. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti tóbi, ohun yòówù kí nọ́ńbà ara rẹ̀ sọ. Àní, èèpo kan náà ni wọ́n sábà máa ń lò fún 26 àti 26.5.

Bí a bá dá bàtà inú padà, tí ẹ dìde dúró ṣánṣán, ìka yín yóò kan iwájú. Ẹ̀rù máa ń ba èèyàn níbẹ̀. Ẹ di àwọn ìdè, ẹ tẹ orúnkún, ẹ ó rí i pé ìka fà sẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bọ́ ọ. Ẹ wọ̀ ọ́ fún bí ìṣẹ́jú ogún. Kó di gbogbo ẹsẹ̀ mú lọ́gbọọgba, ohun tí à ń wá nìyẹn, torí bàtà inú ṣì máa tẹ̀ mọ́ra bí ẹ bá ti ń lò ó, àyè á sì yọ. Àmọ́ bó bá ń gún yín lójú kan ṣoṣo, ẹ sọ fún wa. A lè fi iná mú ike ibẹ̀ rọ̀ ká sì tì í síta díẹ̀.

Nọ́ńbà flex ń sọ bí bàtà ṣe le tó. Obìnrin tó ń bẹ̀rẹ̀ lè wo 60 sí 80, ọkùnrin 80 sí 100. Ẹni tó sanra tàbí tó ga lè lọ sókè díẹ̀. 130 wà fún àwọn ọ̀gá. Ẹ má gbára lé e jù, nítorí 80 ilé iṣẹ́ kan kì í ṣe 80 òmíràn, òtútù sì tún ń mú ike le sí i.

Ìbọ̀sẹ̀ kan péré, fẹ́lẹ́, tó ga dé abẹ́ orúnkún. Méjì kì í móoru ju ọ̀kan lọ nínú bàtà yìí. Ẹ má sì ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú rẹ̀.

Ẹni tí kò tíì dé orí yìnyín rí, kó kọ́kọ́ yá bàtà. Bí síkì bá wù yín lẹ́yìn náà, tí owó ò sì tó ra gbogbo nǹkan, bàtà ni kí ẹ rà, kí ẹ máa yá pákó. Ní ti àwọn ọmọ, ẹ má ra èyí tí wọ́n máa dàgbà bá. Ẹ yá a fún sáà kan, ẹ dá a padà.

Ọ̀sán ni kí ẹ wá, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀. Wíwọn ẹsẹ̀ kò gba owó lọ́wọ́ yín. Ẹni tí a bá sì rí i pé kò tíì yẹ kó rà, a ó sọ fún un.

Àwa ni tiyín,
Oníṣọ́ọ̀bù yín ní Denver