Àdúrà ìdílé: ẹ jẹ́ kó máa bá òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn yí

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o.

Bí ọ̀rọ̀ àdúrà ìdílé bá ti délẹ̀ láàárín àwa Kristẹni ní Àkúrẹ́, a kì í pẹ́ mọ ẹni tí a ó di ẹ̀bi rù: tẹlifíṣọ̀n ni, fóònù ni, ọmọ ayé òde òní ni. A ò sọ pé ọwọ́ fóònù mọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Àmọ́ àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, tí àwọn ọmọ máa ń rojọ́ ilé fún láìmọ̀, ti rí i pé aago gan-an ló ń pa àdúrà yìí jù. Baálé ilé á fi àdúrà sí aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí lọ́jọ́ ọdún tuntun, á ní òfin ni títí ọdún á fi yí po. Kí oṣù kejì tó parí, ìyá nìkan ló kù lórí ìkúnlẹ̀. Tó bá fi máa di ìgbà kòkó, ó ti rẹ òun náà. Ohun tí a fẹ́ sọ ò ju pé kí aago àdúrà, gígùn rẹ̀, àti ohun tí a ń kà níbẹ̀ máa bá ìgbà yí.

Ẹ wo ojúmọ́ ná. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àsìkò kan náà ni ilẹ̀ ń mọ́ lọ́dọ̀ wa jálẹ̀ ọdún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹfà, oòrùn ti ń yọ ní Àkúrẹ́ ní nǹkan bí aago 6:25. Ní ìparí oṣù kìn-ín-ní sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì, ó ń tó nǹkan bí aago 7 kó tó yọ. Ó ju ìdajì wákàtí lọ. Àsìkò tí ilẹ̀ ń pẹ́ mọ́ jù yìí náà ni ọyẹ́ ń jà, òun náà ni iléèwé wọlé fún sáà kejì, tí ọmọ gbọ́dọ̀ ti kúrò nílé kó tó di aago méje. Ẹ wá jí ọmọ ọdún mẹ́fà ní aago márùn-ún nínú òtútù yẹn pé kó wá kọrin ìyìn. Oorun ni yóò fi kọ ọ́.

Nítorí náà, láti ìgbà tí iléèwé bá ti wọlé ní oṣù kìn-ín-ní títí di ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ẹ gbé àdúrà ńlá lọ sí alẹ́, gẹ́rẹ́ tí ẹ bá jẹun tán, kí ẹnikẹ́ni tó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Aago 7:15 dára. Ní àárọ̀, Àdúrà Olúwa nìkan ti tó, kí bàbá tàbí ìyá sì gbọ́wọ́ lé orí ọmọ kọ̀ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú gbólóhùn ìre kan. Ìṣẹ́jú méjì ni gbogbo rẹ̀. Eruku ọyẹ́ máa ń gbẹ ọ̀nà ọ̀fun, ọmọ tí èémí rẹ̀ máa ń há kò gbọ́dọ̀ fi ohùn òkè kọrin níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó ka ẹsẹ Bíbélì dípò rẹ̀. Láti oṣù kẹrin lọ, ẹ dá àdúrà padà sí àárọ̀, aago 5:45 tàbí aago mẹ́fà, torí ìrọ̀lẹ́ ni òjò sábà máa ń dé bá wa nígbà náà, iná a sì máa lọ bí ìjì bá ti jà.

Ní ti gígùn, ìṣẹ́jú 15 tó fún ilé tí ọmọdé wà. Ẹsẹ orin méjì, kì í ṣe márààrún. Ẹsẹ Bíbélì mẹ́jọ sí méjìlá, tí ẹni tó máa kà á ti wò ó lálẹ́ àná. Ìbéèrè kan péré lórí ohun tí a kà, kí ọmọ tó kéré jù kọ́kọ́ dáhùn. Kí èèyàn mẹ́ta gbàdúrà, gbólóhùn kan tàbí méjì lẹ́nu ẹnì kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà kí gbogbo ilé jọ ka Oore-ọ̀fẹ́. Ohun tó máa ń ba ibí yìí jẹ́ ni kí bàbá mú ẹ̀ṣẹ̀ àná wá sínú ìwàásù àárọ̀. Ọmọ tó fọ́ abọ́ lánàá mọ̀ dájú pé òun ni wọ́n ń fi ìwé Òwe nà, kò sì ní nífẹ̀ẹ́ ìwé Òwe mọ́ láé. Ẹ bá a wí lọ́tọ̀, lẹ́yìn àdúrà. Bíbélì Yorùbá tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ṣe atọ́nà rẹ̀, tó jáde lódindi ní 1884, ṣì ni ọ̀pọ̀ ilé ń lò, àmì ohùn inú rẹ̀ kò sì pé. Ọmọ tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló ń kà níléèwé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà kó tó dá a kà. Ìyá àgbà tó wà nílé ni olùkọ́ tó dára jù fún èyí.

Nígbà òjò, páànù ni ìṣòro. Ilé tí kò ní àjà, bí òjò bá ti dé, ẹnikẹ́ni ò lè gbọ́ ohun tí a ń kà, àwọn kan á sì máa pariwo lé e lórí títí ohùn wọn á fi há. Ẹ má pariwo. Ẹ ti kọ́ àwọn ọmọ ní Sáàmù 121 lórí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí gbogbo ilé jọ máa kà á pọ̀ nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Ẹ gbé Bíbélì kúrò lára ògiri àti kúrò nílẹ̀, torí ojú ìwé á lẹ̀ mọ́ra, á sì bu. Bí òjò bá dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, ẹ ṣí i sílẹ̀ níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kì í ṣe inú oòrùn gangan, nítorí oòrùn ló ń jẹ́ kí gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ gbẹ, kí ìwé sì máa já.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ní ọ̀rá jù ni ohun tí a ń kà. Nínú ìwé 1 Sámúẹ́lì orí 12, Sámúẹ́lì ké pe Olúwa ní ọjọ́ ìkórè àlìkámà, àrá sán, òjò rọ̀, ẹ̀rù sì ba gbogbo ènìyàn. Ẹ ka ibẹ̀ fún ọmọ Àkúrẹ́ ní oṣù kẹfà, á bi yín pé kí ló wà nínú ìyẹn, ṣebí òjò rọ̀ lánàá àti ní ìjẹta. Ọmọ náà kò jẹ̀bi. Ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì, òjò kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀ rárá láti nǹkan bí oṣù karùn-ún títí di oṣù kẹsàn-án, àárín oṣù karùn-ún sí ìkẹfà sì ni wọ́n ń kórè àlìkámà. Òjò tó rọ̀ lọ́jọ́ náà dà bí ìgbà tí àrá bá sán lójijì ní Ọjà Ọba nínú ọyẹ́ ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì. Bí ọmọ bá ti gbọ́ èyí, ojú rẹ̀ á là.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àkọ́rọ̀ àti àrọ̀kúrò tí Jákọ́bù sọ ní orí 5. Àkọ́rọ̀ tiwa ń bọ̀ ní oṣù kẹta sí ìkẹrin, ó ń rọ ilẹ̀ fún àgbàdo. Àrọ̀kúrò tiwa ń parí ní oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá. Tiwọn yí padà pátápátá: àkọ́rọ̀ wọn ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá, wọ́n á fi gbin àlìkámà àti ọkà bálì, àrọ̀kúrò wọn ní oṣù kẹta sí ìkẹrin ló ń mú kí ọmọ ọkà yó. Nígbà tí Rúùtù àti Náómì wọ Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ní ìbẹ̀rẹ̀ ìkórè bálì, àgbẹ̀ Àkúrẹ́ ìbá ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ ebè ni. Ẹ mú ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́, ẹ ya òbìrí méjì sí i, ẹ pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà 12 fún oṣù. Kí àwọn ọmọ kun òjò, ẹ̀ẹ̀rùn, gbígbìn àti ìkórè tiwa sí ọ̀kan, ti Ísírẹ́lì sí èkejì, kí ẹ so ó mọ́ ibi tí ẹ ti ń gbàdúrà. Lẹ́yìn náà, ẹ yan ohun tí ẹ ó kà: Èlíjà àti ọ̀dá nínú 1 Ọba 17 àti 18 ní oṣù kẹta, nígbà tí gbogbo wa ń wo ojú ọ̀run, Nóà ní oṣù keje, Rúùtù, orí mẹ́rin péré, ní ọ̀sẹ̀ ìkórè ìjọ. Ìwé Lúùkù ní orí 24, ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejìlá, orí kan lójúmọ́, kí ẹ yan ẹsẹ mẹ́jọ sí méjìlá kà nínú rẹ̀, á parí ní ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì.

Lẹ́ńtì, ìyẹn ààwẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, máa ń bọ́ sí ìgbà tí ooru mú jù, nítorí Àjíǹde kì í ṣáájú ọjọ́ 22 oṣù kẹta, kì í sì í kọjá ọjọ́ 25 oṣù kẹrin. Ọmọdé, aboyún, àti àgbàlagbà tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀ omi nínú ooru yẹn. Kí wọ́n yẹra fún ẹran tàbí ohun dídùn dípò rẹ̀.

Ìgbà kòkó ni ilé púpọ̀ ti ń pàdánù àdúrà wọn pátápátá, pàápàá ní Ìdànrè àti ìlú Oǹdó. Láti oṣù kẹwàá títí wọ oṣù kejìlá, baálé ilé ń bẹ ní abà. Wọ́n á fọ́ kòkó, wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo ọmọ rẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, wọ́n á máa yí i, wọ́n á tún sá a fún bí ọ̀sẹ̀ kan bí oòrùn bá dára. Kò ṣeé fi sílẹ̀, torí òjò àti olè. Ilé tó bá ń dúró pé kí bàbá dé ká tó gbàdúrà á pàdánù ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan, ọ̀sẹ̀ méjì sì tó láti pa á. Kí bàbá kọ orí ìwé tí wọn yóò kà lójoojúmọ́ sínú bébà méjì kó tó lọ, ọ̀kan fún ilé, ọ̀kan fún abà. Ìyá ni kó ṣe olórí àdúrà, tàbí àkọ́bí. Bàbá á ka tirẹ̀ lábẹ́ iná tọ́ọ̀ṣì, á pè wọ́n lálẹ́ ọjọ́ ìsinmi kí wọ́n jọ sọ ọ̀rọ̀ lórí ẹ. Kó má sọ ìpè náà di ìdánwò o.

Owó kòkó náà wà níbẹ̀. Kí tọkọtaya jọ jókòó kí wọ́n tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ ìkórè ní ìjọ: kí wọ́n ya owó iléèwé oṣù kìn-ín-ní sọ́tọ̀, owó lébìrà àti oògùn kòkó ọdún tó ń bọ̀, àti oúnjẹ ìgbà ọ̀wọ́n, nígbà tí iṣu àtijọ́ ti tán tí tuntun ò tíì jáde. Lẹ́yìn náà ni ìdá mẹ́wàá àti ẹ̀jẹ́. Ọkọ tó bá nawọ́ sókè nígbà tí orí ń wú, tí ìyàwó ń gbọ́ iye náà lásìkò kan náà tí ìjọ ń gbọ́ ọ, á rí i pé tó bá di oṣù kejì, àdúrà ilé ti di ti àwọn méjì tí kò bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ní ti ìkórè fúnra rẹ̀, kò sí ohun tó burú nínú páálí nudù tí àwọn ọmọ ń gbé lọ síwájú pẹpẹ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n gbin nǹkan kan kún un. Ike ọ̀dà lítà 20 mẹ́rin, kí ẹ lu ihò sí ìdí wọn. Iyẹ̀pẹ̀ abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìwọ̀n mẹ́ta sí ìgbẹ́ adìyẹ gbígbẹ ìwọ̀n kan. Tí ìgbẹ́ náà bá tutù, á jó ohun ọ̀gbìn. Bí ìkórè ìjọ yín bá wà ní àárín oṣù kọkànlá, ẹ gbin àgbàdo ní ìparí oṣù kẹjọ, ọmọ mẹ́ta sínú ike kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá fa ọ̀kan tu bí ó bá hù, kí méjì kù. Á tó tútù jẹ ní nǹkan bí ọjọ́ 75 sí 85. Ẹ to àwọn ike náà súnmọ́ra, nítorí àgbàdo tó bá dá dúró kì í yọ ọmọ dáadáa. Bí ìrùkẹ̀rẹ̀ bá yọ lórí rẹ̀, kí ọmọ máa gbọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ lè dà sórí irun ọmọ àgbàdo. Tí ìkórè bá yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, tẹ̀tẹ̀ á tó já ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ má gbé ike sábẹ́ etí òrùlé, omi á gbá gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ sì mọ̀ pé ewúrẹ́ kò mọ ẹ̀jẹ́.

Ohun kan kù: ìwé àkọsílẹ̀. Ẹ ra ìwé líle kan, kí ẹ máa kọ déètì, ohun tí ẹ kà, ohun tí ẹ bẹ Ọlọ́run fún, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú oko àti ojú ọ̀run: ọjọ́ tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, ọjọ́ tí a jẹ iṣu tuntun, ọjọ́ tí ara ìyá àgbà yá. Ìlà mẹ́ta tó lọ́jọ́ kan. Ẹ fi báírò kọ ọ́, torí omi ń ba ìyíǹkì jẹ́. Kí ẹ má kọ àṣírí ọmọ kankan síbẹ̀, nítorí àlejò á kà á lọ́jọ́ kan.

Bí àyè bá wà nínú ìwé ìròyìn yín, Olóòtú, ẹ bá wa ya igun kékeré kan sọ́tọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan fún àsìkò tí oòrùn ń yọ àti ìgbà tó ń wọ̀ ní Àkúrẹ́, Oǹdó àti Ọ̀wọ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà gàdàgbà, kí àgbàlagbà lè rí i kà láìsí awò ojú, kí ìyá tó fẹ́ yí aago àdúrà padà sì lè gé e lẹ̀ mọ́ ògiri.

Àwa òǹkàwé yín,
Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi,
Òkè-Àró, Àkúrẹ́.